Bí a ṣe ń dán kọ̀ǹpútà orí cloud wò kí a tó dá a lẹ́bi pé ó ń falẹ̀

Kọ̀ǹpútà orí cloud kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí a lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an wà nínú ilé ńlá kan ní Johannesburg, ní London tàbí ní Netherlands. Èyí tí ó wà lórí tábìlì wa ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta kàn ń gba àwòrán ojú rẹ̀ ni, ó sì ń fi gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Amazon ti ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní WorkSpaces láti ọdún 2014. Microsoft gbé èyí tí ó ń jẹ́ Azure Virtual Desktop lónìí jáde ní 2019, wọ́n sì fi Windows 365 lé e ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń jókòó sílé ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun ló ń lo ọ̀kan nínú wọn láìmọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé àwọn gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí wọ́n fún mi láti ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ débi pé bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tán, mo lè wo ojú fèrèsé kí lẹ́tà tó kẹ́yìn tó jáde. Mo fi ẹjọ́ sùn, wọ́n sì sọ RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí ó fi ń rántí iṣẹ́ tí ó ṣí lọ́wọ́, di ìlọ́po méjì, láti 8 GB sí 16 GB. Owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ lóṣooṣù gbéra, ṣùgbọ́n ìfalẹ̀ náà kò kúrò níbi tí ó wà. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n ni mo rí i pé RAM kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀nà ni ó jẹ̀bi.

Nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà orí cloud bá ń falẹ̀, afurasí mẹ́ta ló wà: ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ gbà bọ̀, àti ẹ̀rọ tí ó wà lọ́hùn-ún. Gbogbo ìdánwò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, kí a lè mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Windows ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò. Bí ẹ̀rọ náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó o, pàápàá kí ẹ tó dé orí ìdánwò disk (ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí), torí pé ó lè fara jọ iṣẹ́ ọlọ́ṣà lójú àwọn tí ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìyára tí kì í ṣe tiyín

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí búráúsà nínú kọ̀ǹpútà orí cloud náà, wọ́n á lọ sí ibi tí a ti ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí 800 tàbí 900 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), inú wọn á sì dùn. Íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀n yẹn kì í ṣe tiwọn. Ti ilé ńlá tí ẹ̀rọ náà wà ni. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ṣe rí, tí ó wá dúró sí Victoria Island tí ó ń yin títì iwájú ilé. Àǹfààní kan ṣoṣo tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé fáìlì tí ẹ bá dànlóòdù sínú ẹ̀rọ ọ̀hún yóò tètè dé. Kò sọ nǹkan kan nípa bí lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ ṣe máa tètè hàn.

Orí kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ ti wọn ìyára. Kò sì ní láti pọ̀ tó bí àwọn tí ń ta dátà ṣe ń polongo. Àmọ̀ràn tí Microsoft fi sílẹ̀ ni pé 1.5 Mbps tó fún ẹni tí ń tẹ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù, 3 Mbps tó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó mọ níwọ̀n, 5 Mbps fún iṣẹ́ tí ó le, àti 15 Mbps fún ẹni tí ń ṣe àwòrán ńlá tàbí fídíò. Bí ẹ bá ní 10 Mbps tí ó dúró ṣinṣin, ẹ yé ra dátà sí i. Ibòmíràn ni ìṣòro yín wà.

Ojú ọ̀nà

Nọ́ńbà tí ó ṣe pàtàkì jù lójú ọ̀nà ni àkókò àlọ àtàbọ̀: iye àkókò tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fi ń ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà kí ìdáhùn tó padà dé. Mílísẹ́kọ́ndì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Amazon sọ pé kí ó wà lábẹ́ 100 kí WorkSpaces tó rọrùn lò dáadáa. Ní ti Microsoft, ẹni tí ó bá wà lábẹ́ 150 kò níí rí ìṣòro àyàfi bí ó bá ń wo fídíò. Láàárín 150 sí 200 ṣì ṣeé fara dà fún ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti kọjá 200, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Láti inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín, kí ẹ tẹ `ping -n 100` àti àdírẹ́sì router yín, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Àṣẹ yìí ń ké sí router náà nígbà ọgọ́rùn-ún, ó sì ń sọ bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Kò yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ju mílísẹ́kọ́ndì díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí 40, 80, kí ó tún padà sí 3, a jẹ́ pé pálọ̀ yín ni ọ̀nà ti bàjẹ́: ó lè jẹ́ pé router wà lẹ́yìn fíríìjì, tàbí pé ògiri méjì wà láàárín yín. Ẹ fi wáyà so ó, kí ẹ tún un wọ̀n, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun kan náà sí 1.1.1.1, àdírẹ́sì Cloudflare tí kì í ṣàìdáhùn, kí ẹ lè mọ bí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe ń ṣe. Yàtọ̀ sí àkókò, ẹ wo iye tí ó sọnù lọ́nà nínú ọgọ́rùn-ún. Mélòó kan péré tí ó bá sọnù lè mú kí ojú kọ̀ǹpútà máa dúró gbọin, kí ó sì tún fò.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá wọ inú kọ̀ǹpútà orí cloud náà. Bí ẹ bá ń lo ti Microsoft, àmì kan wà lórí ọ̀pá tí ó wà lókè ojú desktop náà tí ó jọ ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Yóò fi àkókò àlọ àtàbọ̀ hàn yín, yóò sì sọ bóyá UDP tàbí TCP, ìlànà méjì tí a fi ń kó ọ̀rọ̀ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá wà lórí UDP rìn ire, nítorí bí ẹrù kan bá sọnù, TCP máa ń dá gbogbo èrò dúró títí wọn yóò fi tún un fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n UDP lè máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn router míràn máa ń dí UDP pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti WorkSpaces, Amazon ní ojú ìwé àyẹ̀wò tí ó ń sọ àkókò àlọ àtàbọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín dé agbègbè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní.

Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ńbà tí ó dára? Ó ní ibi tí kò lè wálẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé London lójú òfuurufú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,000, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000, mílísẹ́kọ́ndì 50 sì ti lọ nìyẹn kí ẹ̀rọ kankan tó ṣe ohunkóhun. Okùn abẹ́ òkun kì í sì í gba ojú òfuurufú. Ó máa ń tẹ̀ lé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí nǹkan bíi 100 láti Èkó sí London kò ní ẹjọ́ láti rò.

Johannesburg, níbi tí Microsoft ti ní ibùdó láti 2019, àti Cape Town, níbi tí Amazon ṣí tirẹ̀ sí ní 2020, sún mọ́ wa díẹ̀ ju London lọ lórí máàpù, ẹnìkan á sì rò pé wọ́n gbọ́dọ̀ yára jù ú lọ. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè àdírẹ́sì kan ní agbègbè ibùdó náà lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó ẹ̀rọ, kí ẹ fi `tracert` tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìlà ìkẹyìn lè jẹ́ ìràwọ̀ lásán, nítorí ọ̀pọ̀ ilé cloud kì í dá ping lóhùn; ẹ má ṣe ka ìyẹn sí. Ìlà àárín ni kí ẹ máa wò, níbi tí nọ́ńbà ti fò lójijì, kí ẹ sì ka orúkọ tí ó wà níbẹ̀, torí pé orúkọ ìlú sábà máa ń fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo wo tèmi, ẹrù tí ó yẹ kó gba gúúsù lọ sí Johannesburg ti kọ́kọ́ dé London kí ó tó yí orí padà, bí ẹni tí ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tí ó gba Ìlọrin. Àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ lé ní 250. Ibùdó London ni wọ́n gbé ẹ̀rọ mi lọ nígbẹ̀yìn, ó sì bọ́ sí nǹkan bíi 105, pẹ̀lú RAM 8 GB tí mo ń lò tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara ọ̀nà bá le. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gba etíkun wa, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wàhálà náà kì í ṣe ti òun. Ẹni tí kò ní, ó lè ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà mẹ́wàá kó tó gbọ́ ìròyìn.

Fóònù yín tó ìwọ̀n

Èyí ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ohun tí ọwọ́ àti ojú ń mọ̀ gan-an ni ó ń wọ̀n. Ọ̀pọ̀ fóònù lè gba fídíò ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí wọ́n kọ slow motion sí ni ẹ ó ti rí i. Àwòrán kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ndì mẹ́rin àti díẹ̀.

Ẹ gbé fóònù náà sórí ohun tí kò níí mì, kí kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà lè jọ hàn nínú rẹ̀. Ẹ ṣí Notepad lórí kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín, kí ẹ tẹ lẹ́tà kan, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tẹ òmíràn, títí yóò fi pé 21. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú Notepad ti orí cloud. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún fídíò náà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye àwòrán tí ó wà láàárín ìgbà tí ìka tẹ lẹ́tà dé ìsàlẹ̀ àti ìgbà tí lẹ́tà náà hàn. Iṣẹ́ sùúrù ni, ṣùgbọ́n kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ní tèmi lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí London, mo ka àwòrán 14 lórí kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ndì 58. Ti orí cloud jẹ́ 46, nǹkan bíi 192. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ àwòrán 32, ìyẹn nǹkan bíi 133. Nígbà tí mo yọ 105 ti ojú ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀, ó ku nǹkan bíi 28, èyí tí ẹ̀rọ ọ̀hún fi ń ka lẹ́tà tí ó sì fi ń di àwòrán, tí ẹ̀rọ ọwọ́ mi sì fi ń tú u. Ìyẹn kò burú. Bí ohun tí ó ṣẹ́ kù bá jẹ́ 200, ọ̀nà ti mórí bọ́, kí ẹ lọ wá afurasí mìíràn.

Ìdí tí mo fi ní 21 ni pé mi ò gba ìpíndọ́gba gbọ́. Ẹ to gbogbo wọn láti orí kékeré dé orí ńlá, kí ẹ mú ìkọkànlá, tí ó wà láàárín gan-an, kí ẹ sì tún mú èyí tí ó wà ní ipò ogún. Ti àárín ń sọ bí ọjọ́ ṣe máa ń rí. Ogún ń sọ bí inú yín ṣe máa ń bàjẹ́ tó.

Ẹ̀yin tí ń kọ Yorùbá, ẹ fi `ọ̀` àti `ẹ́` kún un. Bí ìdádúró bá ti pọ̀, àmì orí máa ń dé lẹ́yìn lẹ́tà, èèyàn á rò pé kò wọlé, á tún un tẹ̀, àmì méjì á wá gun orí ara wọn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí yín lórí cloud ṣùgbọ́n tí kì í ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rí ni.

Inú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún

Task Manager inú Windows lè kọ́kọ́ sọ fún yín bóyá CPU, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tàbí RAM ti kún, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níbẹ̀ ń kọjá lọ ni, a kì í sì í fi ojú lásán ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú Command Prompt ti orí cloud, ẹ tẹ èyí:

`typeperf "\Processor Information(_Total)\% Processor Time" "\Memory\Available MBytes" "\User Input Delay per Session(*)\Max Input Delay" -si 5 -f CSV -o idanwo.csv`

Yóò máa kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún títí ẹ ó fi tẹ Ctrl pẹ̀lú C. Ìkẹta inú wọn ni ó níye lórí jù. Ó ń sọ bí lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà, kí ètò tí ẹ ń lò tó gbà á wọlé. Ojú ọ̀nà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ó bá ń fo dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún nígbà tí CPU náà wà lókè 90, ẹ̀rọ náà kéré fún iṣẹ́ yín nìyẹn, ó sì tọ́ kí ẹ bèèrè èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Bí nọ́ńbà yìí bá wà nílẹ̀ tí ọwọ́ yín sì ń mọ ìfalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta RAM fún yín.

Ẹ tún ṣí Performance Monitor, kí ẹ wá ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ RemoteFX Graphics. Nọ́ńbà mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ń ka àwòrán tí wọ́n fò láìfi ránṣẹ́, àfi bí ẹni pé afurasí mẹ́ta tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é: ọ̀kan fún àwòrán tí a fò nítorí pé ẹ̀rọ ọwọ́ yín kò lágbára tó, ọ̀kan nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀kan nítorí ẹ̀rọ tí ó wà lọ́hùn-ún. Ẹ máa yí ojú ìwé gígùn kan sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo èyí tí ó ń gòkè. Láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó ti ń gbóná máa ń jẹ̀bi níbí ju bí a ṣe rò lọ.

Disk ni ó máa ń tan èèyàn jẹ jù. Irinṣẹ́ Microsoft kan wà tí ó ń jẹ́ DiskSpd, ọ̀fẹ́ ni:

`diskspd -c2G -d2400 -b4K -r -o8 -t2 -w30 -Sh -L C:\idanwo.dat`

Ó ń dá fáìlì 2 GB, ó sì ń kà á ó ń kọ ọ́ káàkiri ní ẹyọ kéékèèké, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ kíkọ. `-d2400` túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 40, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ dín in kù sí ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Azure Virtual Desktop. Disk tí wọ́n pè ní Premium SSD P10, tí ó jẹ́ 128 GB, ní ẹ̀tọ́ sí ìkàwé àti ìkọ̀wé 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní àyè láti sáré dé 3,500 fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ó bá ti sinmi tẹ́lẹ̀. Ìdánwò kúkúrú yóò fi ìlọ́po méje ohun tí ẹ ó máa rí lọ́sàn-án hàn yín. Ìgbà tí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá ni ojú rẹ̀ gan-an yóò hàn. Irú ọgbọ́n kan náà wà lára CPU àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, B-series ti Azure àti T ti Amazon: wọ́n ń kó agbára jọ nígbà tí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan, wọ́n sì ń ná an nígbà iṣẹ́.

Ìgbà tí a ń wọ̀n ọ́n

Ẹ̀rọ tí a dán wò ní aago mẹ́ta òru, tí kò sí ohun tí ó ṣí lórí rẹ̀, kò sí bí kò ṣe níí yege. Ẹ wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi aago wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbà láti ìgbà tí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tán títí dé ìgbà tí ẹ lè ṣí fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, àti ní alẹ́ nígbà tí àdúgbò bá ti dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń wo fíìmù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ẹ ṣí ohun tí ẹ máa ń ṣí gan-an, títí kan ìpàdé orí fídíò, nítorí òun ni ó máa ń fọ́ orí ẹ̀rọ jù. Àti níbi tiwa, ẹ kọ irú iná tí ẹ ń lò sílẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ tí inverter gbà á, router míràn máa ń pa kó tún tàn, desktop á já, a ó sì máa bú ilé iṣẹ́ cloud lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì wa.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tí ń bójú tó ẹ̀rọ, ẹ má kọ pé ó ń falẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ìlú tí ẹ wà àti agbègbè tí ẹ̀rọ wà, àkókò àlọ àtàbọ̀, UDP tàbí TCP, iye ti àárín àti ti ogún tí fóònù kà, kí ẹ sì so `idanwo.csv` mọ́ ọn. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lórí tábìlì. Bí wọ́n bá sì yí nǹkan padà, kí ó jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un wọ̀n ní aago kan náà, ní ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, lórí wáyà kan náà.

Kí ẹ tó dìde, ẹ pa `C:\idanwo.dat` rẹ́. 2 GB ni, DiskSpd kì í sì í kó o kúrò fúnra rẹ̀.